Iná Bíréèkì Bàbá Mi Tí Kò Fẹ́ Kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ ròyìn ohun kan tójú mi rí nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Mùṣín. Ó ti pẹ́ o, àmọ́ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀rọ̀ iná ni. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn lẹ́yìn alùpùpù tí ẹni tó ń gùn ún bá tẹ bíréèkì. Ẹ̀ẹ́ ní kí ni ti iná kékeré? Ẹ dúró ná.

Ìgbà SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ti wá iṣẹ́ títí, kò sí. Ilé ni mo jókòó sí, tí mò ń bá bàbá mi to bọ́tìnì sínú ọ̀rá.

Òwú, síìpù, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ ni bàbá mi ń tà fáwọn télọ̀. Wọ́n á ra ọjà lọ́pọ̀ ní Ọ̀yìngbò, wọ́n á kó o sínú àpótí pákó tó wà lórí káríà alùpùpù wọn, wọ́n á wá máa gbé e láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti Ìdí-Oró wọ Ìtirè títí dé Ojúẹlẹ́gba. Kò sí télọ̀ tí kò mọ̀ wọ́n. Bàbá Olówùú ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ sì mọ̀ wá, a kì í fi nǹkan wa ṣeré. Alùpùpù yẹn, àràárọ̀ ni bàbá mi ń nù ún kí wọ́n tó bọ́ ojú ara wọn! Bàtà aláwọ dúdú tó ń dán, ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ẹnu ṣòkòtò tí wọ́n fi okùn so kó má baà kó sí ṣéènì. Tí ẹ bá rí wọn lójú títì, ẹ̀ẹ́ rò pé ọ̀gá báńkì ni.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n rín wọlé. Wọ́n ní gbogbo ọ̀nà làwọn onímọ́tò ti ń pè wọ́n pé iná bíréèkì wọn ò kú rárá, ó kàn ń tàn ṣáá. Wọ́n ní kékeré nìyẹn, Múrí máa wò ó.

Múrí ni mẹkáníìkì wọn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà lèmi àti ẹ̀ lọ, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o, kò sí nǹkan kan láàárín wa!) Bàbá tiẹ̀ ti kú kó tó kọ́ṣẹ́ tán. Lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀ọ̀mù, bàbá mi ni wọ́n dúró bíi bàbá fún un, àwọn ni wọ́n gbé sípánà lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Látìgbà yẹn, "Bàbá wa" ni Múrí ń pè wọ́n.

Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Múrí ṣàlàyé fún mi pé súwíìṣì kékeré kan wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń tẹ bíréèkì. Sípíríńgì tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ bíréèkì. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, sípíríńgì á fa súwíìṣì, iná á tàn. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò, gbogbo ẹ̀ á padà sáyè ẹ̀, iná á kú. Ó ní tí wọ́n bá de súwíìṣì yẹn ga jù, kò ní jẹ́ kí iná kú. Ó bá yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, iná tàn. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, iná kú. Ó tán!

Àbí ẹ rò pé ó tán?

Kò pẹ́ tí iná tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbé e padà. Múrí ní bóyá sípíríńgì ti dẹ̀, ó fi tuntun sí i. Iná tún bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ súwíìṣì fúnra ẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sí bíréèkì ọwọ́, torí ìyẹn náà ní súwíìṣì tiẹ̀, ó yọ wáyà ibẹ̀ kúrò pátápátá kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti ń wá. Kì í ṣe ibẹ̀. Ó wá tọ gbogbo wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, bóyá ó ti bó níbì kan tí méjì fi ń kan ara wọn. Kò rí nǹkan kan.

Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé tí alùpùpù bá wà lórí sítáńdì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ohun tó ṣe iná yẹn. Bàbá mi á kàn gùn ún dé ọ̀hún báyìí, ó di pupa. Gílóòbù ń jó, bátìrì ń kú. Àárín táyà ẹ̀yìn náà wá ń gbóná, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n bá ti ọjà dé, ẹ̀ẹ́ yára fà á padà ni.

Màmá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní omi tí bàbá mi ń mu ti pọ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń mu ún náà ni wọ́n ń dìde lọ tọ̀ ọ́. Bàbá mi ní ooru ni. Èmi náà gbà pé ooru ni. Ta ni kò mọ ooru Èkó?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan já wọ títì lójú ọ̀nà Ìtirè. Bàbá mi tẹ bíréèkì, wọ́n dúró gbagidi. Takisí tó wà lẹ́yìn wọn ò dúró. Ó gbá àpótí orí káríà, bàbá mi ṣubú, òwú tú jáde, ó ń yí lọ sínú gọ́tà, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, gbogbo ẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó.

Wọ́n dìde, wọ́n kọjú ìjà sí onítakisí. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ pariwo. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, láti Ojúẹlẹ́gba ni iná yín ti ń tàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró?"

Bàbá mi yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú nínú gọ́tà.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé lọ bá Múrí. Mi ò sí níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ló wá sọ fún wa. Bàbá mi dúró níwájú àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ẹ̀ àtàwọn oníbàárà, wọ́n ní ayédèrú pátì ni Múrí ń kó sí alùpùpù àwọn. Wọ́n ní ó fẹ́ pa àwọn. Wọ́n tún ní àwọn kábàámọ̀ àdúrà táwọn ṣe lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù ẹ̀. Múrí kàn ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọgbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi lọ. Ṣé wọ́n máa ń gba àdúrà padà lọ́wọ́ ọmọ ni?

Látọjọ́ náà, Múrí ò gba iwájú ilé wa kọjá mọ́. Bàbá mi gbé alùpùpù lọ fún mẹkáníìkì míì ní Ládípọ̀. Ìyẹn náà pààrọ̀ gbogbo ohun tí Múrí ti pààrọ̀. Ó wá sọ fún wọn pé bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán pátápátá, pé ó ya òun lẹ́nu, torí ó hàn pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi í sí i. Ó fi òmíràn sí i. Síbẹ̀, iná ò kú. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti mẹkáníìkì, pé ẹnì kan ló ń bá Bàbá Olówùú jà. Mo rí i pé ẹ̀rù ti ń ba bàbá mi. Wọn ò kọrin mọ́ tí wọ́n bá ń nu alùpùpù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo dìde, mo lọ bá Múrí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má ṣe é torí tiwọn, kó ṣe é torí tèmi, torí mi ò fẹ́ kí mọ́tò pa bàbá mi. Múrí gbé sípánà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní kì í ṣe èébú yẹn ló ń dun òun jù. Ohun tó ń dun òun ni pé òun ò mọ ohun tó ń ṣe alùpùpù náà, àti pé tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ sí Bàbá, òun ò ní lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀, ó tẹ̀lé mi.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Bàbá mi dá a lóhùn lẹ́nu lásán, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sórí àga. Ó mú un.

Múrí gùn ún lọ dé ìkóríta, ó gùn ún padà. Mo dúró lójú títì, mò ń wo iná. Ó ń tàn tó bá tẹ bíréèkì, ó ń kú tí kò bá tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti dọ́wọ́ àwọn ló ń yàwèrè? Wọ́n gùn ún, wọ́n lọ dé ìkóríta kan náà. Pupa! Wọ́n lọ pupa, wọ́n bọ̀ pupa. Èèyàn ti ń pé jọ, ẹ mọ Mùṣín. Ìyá kan ti ń yíwọ́ lórí, ó ní kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ ayé.

Múrí gbé alùpùpù sórí sítáńdì. Ó ní kí bàbá mi gun orí ẹ̀, kí wọ́n jókòó bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà gan-an. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí iná lè ṣiṣẹ́. Bàbá mi jókòó, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi tó yẹ. Iná tàn. Múrí lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Èmi bẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún.

Múrí rọra ní kí Bàbá jọ̀ọ́ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

"Ẹsẹ̀ mi ò sí lórí bíréèkì," bàbá mi ní.

Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀. Orí bàtà dúdú yẹn sùn lé bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni gbórí lé ìrọ̀rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo gbójú sókè wo ojú wọn, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ojú ẹni tó ń sọ òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni wọ́n ń sọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ wọn wà níbẹ̀.

Mo ki ọwọ́ sábẹ́ bàtà náà, mo gbé e sókè. Iná kú. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Iná tàn. Bàbá mi ṣì ń wo iwájú.

"Múrí," wọ́n ní, "kí lo ṣe tó fi kú lẹ́ẹ̀kan?"

Múrí wò mí. Èmi náà wò ó. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé ẹsẹ̀ bàbá mi, wọn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Múrí ṣe. Ó dìde, ó kọjú sáwọn tó pé jọ, ó ní òun ti rí i. Ó ní wáyà kan lòun fọwọ́ ara òun so ní òdì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi òun ni, kí wọ́n bá òun bẹ Bàbá. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ bi í pé ta ló fún un ní fírídọ̀ọ̀mù. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọgbọ́n tì wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ níta gbangba, òun náà tún fẹnu ara ẹ̀ ba ara ẹ̀ jẹ́, torí kí àdúgbò má baà mọ̀ pé Bàbá Olówùú ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà mọ́. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí láyé mi.

A mú bàbá mi wọlé. Wọ́n ń bi wá pé kí ló dé tí ojú wa rí bẹ́ẹ̀. Màmá mi tú bàtà wọn, wọ́n fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó lẹ̀. Omi la fi rin ín kó tó kúrò. Egbò ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, nítòsí ọmọ ìka tó kéré jù, ó ti ń rùn. Orí píìnì, irú èyí táwọn télọ̀ fi ń de aṣọ, ló yọ láàárín ẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, wọ́n sì ń gbé e kiri ìlú. Ìgbà wo? Ọlọ́run ló mọ̀.

Màmá mi ń sunkún, wọ́n ń béèrè pé ṣé kò dùn wọ́n ni. Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ìgbà tó yá, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi pé orí òwú ni mò ń rìn. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ ní kí n má gun alùpùpù mọ́."

Múrí ti sáré lọ wá mọ́tò. Òun ló pọn wọ́n dénú ẹ̀, òun náà ló pọn wọ́n wọ ọsibítù. Dókítà tó rí wọn, obìnrin tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà ní ó ti pẹ́ lára wọn. Ó ní ṣúgà yẹn máa ń pa ẹsẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, títí ẹni náà ò fi ní mọ ìgbà tí nǹkan gún un, ìgbà tó bó, tàbí ìgbà tó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan. Egbò tí èèyàn ò mọ̀ pé òun ní, kò ní tọ́jú ẹ̀. Ó ní tó bá pẹ́ jù báyìí lọ ni, láti orúnkún làwọn ì bá ti gé e.

Ọmọ ìka kékeré yẹn ni wọ́n gé. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ "gé", wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀ títí àwọn nọ́ọ̀sì fi wá gbé wọn lọ. Ẹni tí mo gbójú lé láti kékeré!

Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà ní wọ́ọ̀dù, tí Múrí bá ti tiṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló ń wá. Á jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òórùn ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dúró. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ lẹ́nu mi ìdí tó fi pa irọ́ wáyà yẹn fáwọn èèyàn. Múrí ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ó ti kọjá, ó ti tán nínú òun.

"Kò tán," bàbá mi ní. "Níta ni mo ti bú ẹ. Níta ni mo ti máa bẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ ò mọ bàbá mi! Wọn ò tíì lè rìn dáadáa nígbà tí wọ́n ní ká mú àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múrí, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ń ṣèpàdé ni wọ́n sì mú. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn èèyàn yẹn, wọ́n ní kí n bá àwọn tú báńdéèjì. Mo ṣiyèméjì. Wọ́n ní kí n tú u. Ẹni tí kì í jẹ́ kí eruku kan bàtà òun, ló na ẹsẹ̀ tó ku ìka mẹ́rin sí gbogbo ilé.

"Wáyà kankan ò ṣòdì," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ mi ló ti kú lára, mi ò mọ̀. Ọmọ yìí rí i, ó gbé ẹ̀bi náà sórí ara ẹ̀ kí ẹ má baà fi mí ṣẹ̀sín. Ayédèrú kankan ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Àdúrà tí mo ṣe fún un, mo tún un ṣe níwájú gbogbo yín."

Wọ́n sì ṣàdúrà náà lóòótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Múrí kọjú sí ògiri, ó ń tú nǹkan tí kò sí ìdí láti tú.

Mẹkáníìkì àgbà kan tó wà lápá òdìkejì wá bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, ó ń wò ó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà bọ́ tiẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló ti ń wo abẹ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá wọ́n á mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀kan nínú wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ sí ọsibítù.

Bàbá mi ò gun alùpùpù mọ́. Ó dùn wọ́n o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kékeré la ṣí fún wọn níwájú ilé, àwọn télọ̀ wá ń wá bá wọn. Wọ́n tún pẹ́ dáadáa láyé, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì fi rìn lọ síbi ìgbéyàwó mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Tí ẹ bá tún nǹkan kan ṣe títí, tí kò gbọ́, ẹ má kàn máa wá ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń lò ó dáadáa, bóyá òun gan-an lara ẹ̀ ò yá, tí kò lè sọ, tàbí tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yín, ẹ bá wọn bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á bínú. Ẹ bọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé nǹkan ilé kan ti tú àṣírí àìsàn ẹnì kan fún yín rí? Tàbí ẹnì kan ti gba ìtìjú tó jẹ́ tiyín sórí ara ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Tí Múrí tiyín bá ṣì wà láyé, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé níta lẹ ti ṣẹ̀ ẹ́, ẹ mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́.